Ìwo Màlúù Menego

Ogójì ọdún gbáko ni Gasparo Torresan fi ya ẹran. Ẹran orí ìwé ni mò ń wí: màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àgùntàn, adìyẹ tó ń tú ilẹ̀. Gègé ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ àti tàdáwà dúdú ni irinṣẹ́ rẹ̀, kò ní òmíràn. Bí o bá wọ ilé ẹran èyíkéyìí láti etí odò Brenta títí dé ẹ̀yìn òkè, tí o rí àwòrán Antonio Mímọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ibùjẹ ẹran, tí ẹlẹ́dẹ̀ kan dúró ti bàbá náà lẹ́sẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ Gasparo ni. Àwòrán yẹn ló ń ṣọ́ ẹran wa kí àrùn má wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ẹran mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́ àwọn, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ kan níhìn-ín tó máa fi ògiri rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo láti dán an wò.

Iṣẹ́ yìí ní àṣírí kan tí gbogbo àwa ọmọ ilé ìtẹ̀wé mọ̀. Ohun tí o bá fín sára bàbà, òdìkejì rẹ̀ ni yóò jáde lórí ìwé. Ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Nítorí náà ayàwòrán gbọ́dọ̀ yà á sódì kó tó lè jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀gá tó kọ́ Gasparo níṣẹ́ gbàgbé èyí lẹ́ẹ̀kan nígbà èwe rẹ̀, ni Antonio Mímọ́ bá jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ òsì súre fún màlúù. Àlùfáà ní kí wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá yẹn ti ń fi ọ̀pá kọ́ni. Ìgbàkígbà tí Gasparo bá ya ọ̀tún sí ọ̀tún, ọ̀pá á bà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Láàárín ọdún méjì, ọwọ́ gbọ́. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ọwọ́ kì í bi orí léèrè mọ́. Gasparo á jókòó síwájú ẹran, á wò ó, ọwọ́ á ti yí i padà kó tó dé orí ìwé, ohun tó bá sì wà lórí ìwé ni Gasparo máa gbà pé òun rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fi í sọ́kàn.

Orsola ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò ọkùnrin kan, Menego, tó ń dáko lórí òkè, ìrìn wákàtí kan sí ìlú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá nídìí. Agbo ilé kan náà ni òun àti Valentin Scapin ń gbé, ilé ẹran kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Ti Scapin yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àkùkọ pàápàá á dúró kó parí.

Màlúù kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ní. Màlúù kan kò sì lè fa ohun ìtúlẹ̀ lórí ilẹ̀ olókùúta wa yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n wá ṣe ohun tí tálákà ń ṣe níhìn-ín: wọ́n so méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àjàgà kan, wọ́n á túlẹ̀ Menego lónìí, wọ́n á tú ti Scapin lọ́la. Stela ni ti Menego, Grisa ni ti Scapin. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n, àwọ̀ eérú ni àwọn méjèèjì, bí o bá sì pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì ló máa yíjú. Láti kékeré ni Stela ti ń wà lápá ọ̀tún àjàgà, Grisa lápá òsì, ẹnikẹ́ni kì í pààrọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń forí gbá ara wọn lọ́dọọdún, ìwo tó wà ní àárín wọn tẹ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwo òsì Stela, ìwo ọ̀tún Grisa. Kò sí nǹkan mìíràn tí o lè fi dá wọn mọ̀. Ta ló sì ń ka ìwo màlúù ẹlòmíràn?

Nínú oṣù kejì, nígbà tí yìnyín bo òkè, Gasparo lọ jókòó sínú ilé ẹran náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ya Stela. Ó fẹ́ràn ìwo títẹ̀ yẹn. Ó dì í mú, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tó ti tẹ̀, Stela ń mí gbígbóná sí i lápá. Menego dúró tì í, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ sọ màlúù mi di ẹni mímọ́ ni?"

"Ó sàn ju ẹni mímọ́ lọ," Gasparo dáhùn. "Òun kì í ní kí n dín imú òun kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gasparo gbé ìwé náà lọ sílé, ó fi í sínú àpótí de ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé máa béèrè àwòrán Antonio Mímọ́ ti ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà ooru, gbogbo màlúù abúlé gòkè lọ jẹ koríko. Darandaran kan tí wọ́n háyà láti ibòmíràn ló ń dà wọ́n. Nínú oṣù kẹjọ, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ eérú méjì yẹn yọ̀, ó ṣubú sínú ọ̀gbun. Darandaran kò mọ ti ẹni tó jẹ́, lójú tirẹ̀ eérú ni eérú. Àwọn ẹyẹ ti jẹ ẹ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Míkáẹ́lì Mímọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, tí àwọn ẹran sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló wọ agbo ilé, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì na ọwọ́ sí okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún Gasparo nìyí.

"Stela mi," ni Menego wí.

"Stela wo? Grisa nìyí. Kú ara fẹ́ra kù o, tìẹ ló lọ."

"Valentin, wo ìwo ẹ̀. Òsì ló tẹ̀."

"Òsì náà ni ti Grisa ń tẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé. Àbí o ti ń mu wáìnì tuntun láàárọ̀?"

"Èmi àtìẹ la jọ ń so wọ́n, Valentin."

"Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ nìyẹn."

Ẹbí Scapin kún abúlé. Ti Menego kò ju ìyàwó àti ọmọ márùn-ún lọ, ẹ̀rí ìyàwó àti ti ọmọdé kò sì tẹ̀wọ̀n nílé ẹjọ́. Àwọn tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni ní àwọn kò mọ ìwo tó tẹ̀, àwọn ò fẹ́ wàhálà. Ni Menego bá sọ̀ kalẹ̀ wá sílé Gasparo, fìlà lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Inú àpótí ló wà. Kí ló dé?"

Menego ṣàlàyé. "Ẹ bá mi gbé e dé iwájú adájọ́. Mi ò ní ẹlẹ́rìí míì. Bí màlúù yẹn bá lọ, mo ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa so màlúù ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọwọ́ òfìfo."

"O ò tiẹ̀ gbọdọ̀ bẹ̀ mí," Gasparo wí. Ó ṣí àpótí, ó wo àwòrán náà fìrí, ó rí ìwo tó tẹ̀, ó sì tún un dì. "Irun kan ò lè yàtọ̀. Ohun tí mo bá yà, mo ti rí i."

Orsola bu wáìnì fún àbúrò rẹ̀. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọkọ òun kì í ya nǹkan kọjá bó ṣe wà, àní ó ya ìyá òun tòun ti irùngbọ̀n ẹ̀. Menego rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Adájọ́ tí ìjọba Venezia rán wá sí ìlú wa lọ́dún náà jẹ́ ọkùnrin tínrín kan tí òtútù ń mú nígbà gbogbo. Ó ní kí wọ́n mú màlúù náà wá sí àgbàlá ilé ẹjọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ bo orúnkún. Ìdajì ìlú ló wá wòran. Wọ́n gbé Ìhìnrere fún Gasparo, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó búra pé òun fúnra òun ló ya màlúù Menego, àti pé bí òun ṣe rí i ni òun ṣe yà á. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Gasparo kò mọ̀ pé ẹyin wà lọ́wọ́ òun rárá. Inú rẹ̀ ń dùn. Ogójì ọdún ló fi ya ẹran fún àwọn àgbẹ̀, ọjọ́ yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ẹnì kan lóore tààrà.

Ó tú ìwé náà. Adájọ́ mú un, ó nà án síwájú màlúù, ó wo ìwé, ó wo màlúù.

"Torresan, lórí ìwé rẹ, ìwo wo ló tẹ̀?"

Gasparo sún mọ́ ọn. "Ọ̀tún, olúwa mi."

"Lórí màlúù yìí ńkọ́?"

Gasparo gbójú sókè. Òsì ni. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó tún wo ìwé. Ìwé náà dára, ọwọ́ rẹ̀ ni, tàdáwà rẹ̀ ni, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ìwo ọ̀tún ló tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ nínú ilé ẹran lọ́jọ́ yẹn. Màlúù tó wà níwájú òun, kì í ṣe Stela. Ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ìtìjú bò ó. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti mú un wá síwájú gbogbo ìlú láti wá gbe irọ́ nídìí.

"Olúwa mi," ó wí, ohùn rẹ̀ sì le, "èyí kì í ṣe màlúù tí mo yà."

Ariwo sọ. Menego dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ di ìwo yìí mú!"

"Mo mọ ohun tí mo dì mú."

"Ẹ fọwọ́ kàn án nísinsìnyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fọwọ́ kàn án."

"Menego, má dójú tì mí ju báyìí lọ. Ọwọ́ mi kì í purọ́. Ó yẹ kí ìwọ náà ti mọ̀ kó o tó pè mí."

 Menego wo Gasparo, ó wò ó pẹ́. Scapin, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó na ọrùn wo ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú sáyà, ó jọ ẹni tí ẹlòmíràn fi oúnjẹ sí lẹ́nu nígbà tó ń sùn. Adájọ́ ní kí ó máa mú Grisa rẹ̀ lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń jáde, àwọn èèyàn ń kí Gasparo. "Olóòótọ́ ni ọ́," wọ́n ń wí. "O ò tiẹ̀ wo ti ẹbí." Mo wà níbẹ̀, èmi náà kí i. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nílé, Orsola ti gbọ́ kó tó dé.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ ṣe fún àbúrò mi?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Menego ò purọ́ rí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin tó fọ́ ìkòkò, ó rìn wá sọ fún ìyá wa fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin wá ń sọ fún mi pé ó jí màlúù?"

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, Orsola. Ìwé náà nìyí. Wò ó."

"Kí n wo ìwé? Mo mọ àbúrò mi, mi ò nílò ìwé!" Ó ro polenta, ọkà àgbàdo wa, lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń lu nǹkan. Ó gé ti ọkọ rẹ̀ fún un, kò bá a jókòó jẹun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Gasparo ń bínú sí i, ó ń bínú sí Menego, ó sì ń rò pé òun nìkan ni olódodo nínú ẹbí oníwàhálà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín ẹ̀, ẹ rọra. Gbogbo wa ló ní ohun kan tá a gbára lé tí a kì í yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ẹjọ́, ó ti ya Antonio Mímọ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ kún àwòrán Stela, ó sì gbé e fún Lunardo, ẹni tó ń fín bàbà nílé ìtẹ̀wé. Lunardo a máa fi ẹfun pupa pa ẹ̀yìn ìwé, a tẹ́ ẹ sórí bàbà, a fi irin ẹnu ṣóńṣó tọ ìlà kọ̀ọ̀kan títí á fi bọ́ sára bàbà. Ọkùnrin aláwàdà ni, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, ó ké pe Gasparo láti ibi ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá mi, ẹ wá wo ọmọ yín! Àkọ́tẹ̀ ti jáde. Ìwo yìí dùn mọ́ mi, ó dà bíi pé ó fẹ́ fi họ ojú ara ẹ̀."

Ìwé náà ṣì tutù. Antonio Mímọ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń súre. Ẹlẹ́dẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀ ni Stela dúró, ó yíjú sí ẹni tó ń wò ó, ìwo òsì rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ojú.

Gasparo di etí tábìlì mú.

"Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Lunardo bi í. "Ọ̀gá? Ẹ jókòó."

"Gbé ìwé tèmi wá. Èyí tí mo yà."

Lunardo gbé e wá. Gasparo tẹ́ àwọn méjèèjì síra. Ó wo ọwọ́ òsì tí ẹni mímọ́ fi ń súre lórí ìwé tirẹ̀, ọwọ́ tí òun ti ń yà sódì láti ìgbà tí irùngbọ̀n òun kò tíì hù. Kò sí ọjọ́ kan tó rò pé ẹni mímọ́ ń lo òsì. Síbẹ̀ ó ti fi ìwo kan náà, ọwọ́ kan náà, ogójì ọdún kan náà gba màlúù lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì, Lunardo sì yára fa àkọ́tẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó má bàa bà jẹ́. Bí àwọn ará iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn.

"Lunardo, ọjọ́ wo ni ọjà Lúùkù Mímọ́?"

"Ọ̀túnla. Wọ́n ní Scapin fẹ́ ta màlúù ẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ so mọ́ ọn. Apẹran Padova kan ti wá wò ó, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́."

Gasparo dìde. Ó ní kí Lunardo kó gbogbo àwòrán Antonio Mímọ́ tó wà nínú àpótí rẹ̀, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ lára wọn, fún òun. Lunardo ní kí ó rántí pé ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kì í fẹ́ kí ìwé jáde síta, ẹni tó bá mú un jáde lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Gasparo ní òun rántí. Lunardo wo ojú rẹ̀, ó sì kó wọn fún un, ó ní òun ò rí i, ojú òun kan ò ríran, èkejì sì ń wo ibòmíràn.

Iwájú adájọ́ ni Gasparo gbà lọ, kò yà sílé. Ọkùnrin tínrín náà ń jẹun lọ́wọ́.

"Olúwa mi, mo búra èké."

Adájọ́ fi ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ ayàwòrán. Màlúù yẹn?"

"Ti Menego ni. Èmi ni mo yà á sódì."

"Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn o búra pé kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí o wá búra pé tirẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ ló lé ọ jáde, àbí? Mo ti gbọ́ pé kò bá ọ sọ̀rọ̀. Èwo nínú ìbúra rẹ ni kí n gbà?"

"Ẹ má gba ìkankan. Ẹ wo èyí."

Ó tẹ́ wọn sílẹ̀, láti ẹsẹ̀ tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, àwòrán mọ́kàndínlógún, ti ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn mìíràn ti pọ́n, tàdáwà ti jẹ wọ́n létí. Lórí gbogbo wọn ni Antonio Mímọ́ ti ń fi ọwọ́ òsì súre. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, gbogbo wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Adájọ́ dìde tòun ti aṣọ orúnkún rẹ̀, ó ń rìn láàárín wọn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Stela, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"O mọ gbogbo èyí nígbà tí o gbé ọwọ́ lé Ìhìnrere?"

"Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé mò ń mí. Mi ò rántí rẹ̀."

"Ọkùnrin yẹn ní kí o fọwọ́ kan ìwo náà. Mo gbọ́ ọ. Kí ló dé tí o ò fọwọ́ kàn án?"

 Gasparo wo ọwọ́ rẹ̀. Adájọ́ pe akọ̀wé rẹ̀, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti Menego ni màlúù náà.

Wọ́n gba Stela ní ẹnu ọ̀nà ọjà Lúùkù Mímọ́, níṣojú apẹran Padova, ẹni tó bú gbogbo wa pọ̀ ní èdè tí kì í ṣe ti Kristẹni. Scapin kò jà. "Kí ni mo ṣe?" ló ń pariwo. "Ṣé èmi ni mo ya ìwé? Mo ní tèmi ni, wọ́n ní tèmi ni. Àna Menego ló fún mi ní màlúù, ẹ lọ mú un!" Ọ̀rọ̀ náà ń dun Gasparo ju ìyà tí wọ́n dá fún un lọ, nítorí kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ìyà náà ni pé ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, láìbo orí, pẹ̀lú àbẹ́là tí kò tàn lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí mọ́ títí ayé. Ilé ìtẹ̀wé náà sọ tirẹ̀: ẹni tó búra èké kò lè ya ẹni mímọ́ fún àwọn. Wọ́n fi adìyẹ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sílẹ̀ fún un, ti ìwé ọmọdé, bó bá fẹ́.

Orsola bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ padà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, nígbà tí òjò ń pa á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró tì í, kò sì bo orí tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Menego kò wá. Ó kọjá lára wọn wọlé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó tẹríba díẹ̀ fún Gasparo bí ẹni tó ń kí àlejò.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi kẹta kọjá, ìgbà gbígbin àlìkámà ti ń lọ tán. Stela wà nílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkejì fún un lábẹ́ àjàgà, Menego sì ti ń fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Gasparo gòkè lọ bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó bá a nínú oko. Kò sọ ohun tó wá ṣe. Menego wò ó, ó lọ sílé, ó mú ṣọ́bìrì kejì wá, ó gún un mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀.

Wọ́n túlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni Gasparo, ohun tó wúwo jù tó ti gbé láti ogójì ọdún ni ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń rọ lára igi ṣọ́bìrì. Kò dúró. Menego rí ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń túlẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án, ìyàwó Menego gbé polenta tútù àti wàràkàṣì wá fún wọn, wọ́n jókòó sórí ebè, wọ́n jẹun. Menego nu ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má kàn fẹnu tù mí nínú o."

"Bi mí."

"Ká ní Lunardo gbàgbé ìwé yẹn sínú àpótí ẹ̀. Ká ní wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde láé. Ṣé ẹ ì bá padà gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ kan?"

Gasparo mọ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ gbọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé tó ń sáré tẹ̀ lé Orsola lẹ́yìn, kò sì sí ohun tó wù ú lọ́jọ́ náà ju kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ara tu àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu kan náà sọ ohun tí kò yẹ̀ wò fún ọkùnrin yìí rí, ó sì wo inú ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kó tó sọ̀rọ̀.

"Rárá, Menego," ó wí. "Ǹ bá kú pẹ̀lú èrò pé o purọ́."

Menego mi orí. Ó fi ìka gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ṣọ́bìrì.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Ó dìde, ó kọjá lọ sí ìpẹ̀kun oko lọ́hùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀ láti ibẹ̀. Gasparo jókòó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ wé àtẹ́lẹwọ́, ó mú ṣọ́bìrì tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà.